Ojú Tó Hàn Tàbí Ọjọ́ Tó Pọ̀: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ To Kámẹ́rà Ilé Tàbí Ṣọ́ọ̀bù

Ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn, màmá kan tó ń ta aṣọ ka ọjà rẹ̀ ní ìparí oṣù, ó sì rí i pé ìdì léèsì méjì kò sí nílẹ̀ mọ́. Ó pè mí. Mo gun àga, mo fa DVR, àpótí tó ń kọ àwòrán kámẹ́rà sórí díìsìkì, jáde lẹ́yìn pátákó, mo tan mọ́níìtọ̀. Àwòrán tó jáde dán gbinrin: ẹ ó rí àwọ̀ gèlè oníbàárà, ẹ ó rí owó tó ń kà lọ́wọ́. Nígbà tí mo wá ṣí kàlẹ́ńdà, èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ kò tó ọjọ́ mẹ́fà.

"Ọmọ mi, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Kò sí mọ́, màmá. Ó ti kọ tuntun lé e lórí."

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá onílé kan ní Olúyọ̀lé ránṣẹ́ sí mi. Ẹnì kan fo fẹ́ǹsì wọlé lóru, ó tú bátìrì ọkọ̀ lọ. Ti bàbá ní ọjọ́ 45 gbáko lórí díìsìkì. A rí òru náà, a rí ọkùnrin náà tó ń rìn lọ sídìí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí bàìbàì bí èéfín. Bàbá ní, "Ó jọ ọmọ tó ń bá wa fọ mọ́tò." Ìyá ní, "Kì í ṣe òun rárá, dádì." Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n má pe ọlọ́pàá sí ọmọ ọlọ́mọ lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí èèyàn méjì wò tí wọ́n rí ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè kó aláìṣẹ̀ sí wàhálà.

Díìsìkì àwọn méjèèjì kò yàtọ̀: 1TB ni, ìyẹn 1,000 GB. Màmá ní ojú, kò ní ọjọ́. Bàbá ní ọjọ́, kò ní ojú. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ yìí jẹun gbà pé kò yẹ kí ìkankan nínú wọn pàdánù, nítorí owó tí wọ́n ti ná tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti ní méjèèjì. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹni tó bá wọn ṣe é to gbogbo kámẹ́rà sórí sẹ́tìn kan náà, bí ẹni rán aṣọ oníwọ̀n kan fún bàbá, ìyá àti ọmọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ dáhùn ìbéèrè méjì yìí. Tí nǹkan bá sọnù lọ́dọ̀ yín, ọjọ́ mélòó ló máa ń kọjá kí ẹ tó mọ̀? Ibo gan-an ni ojú èèyàn ti gbọ́dọ̀ hàn? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni yóò sọ iye ọjọ́ tí ẹ nílò. Ìkejì ni yóò sọ kámẹ́rà tó yẹ kí ẹ bọ́ dáadáa àti èyí tó yẹ kí ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù.

Ohun tó ń jẹ díìsìkì

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé megapixel tí wọ́n kọ sára páálí kámẹ́rà ló ń jẹ díìsìkì. Kì í ṣe òun gan-an. Bitrate ni, ìyẹn iye dátà tí kámẹ́rà ń tú sórí díìsìkì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kámẹ́rà tó wà lórí 1 Mbps (mílíọ̀nù bit kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tó ń kọ láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, yóò jẹ 10.8 GB. Ẹ fi 10.8 yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni ẹ ó máa fi ṣe gbogbo ìṣirò yòókù. Lórí 4 Mbps, kámẹ́rà kan ń jẹ 43.2 GB lójúmọ́, mẹ́rin irú rẹ̀ ń jẹ 172.8 GB. Tí ẹ bá pín 1,000 GB sí i, ọjọ́ mẹ́fà kò pé tí díìsìkì 1TB yóò fi kún, tí DVR yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí léèsì màmá nìyẹn.

Bí DVR bá kọ 931 GB síbi tí ẹ ti ra 1TB, ẹ má bínú sí ẹni tó tà á. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń ka GB yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe díìsìkì. Wọn kò rẹ́ yín jẹ.

Èyí ni iye ọjọ́ tí kámẹ́rà mẹ́rin yóò fún yín tí wọ́n bá ń kọ fún wákàtí 24. Ọjọ́ tó pé nìkan ni mo kọ sílẹ̀:

| Bitrate kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan | GB lójúmọ́ fún mẹ́rin | Ọjọ́ lórí 1TB | Ọjọ́ lórí 2TB | Ọjọ́ lórí 4TB |
|---|---|---|---|---|
| 0.5 Mbps | 21.6 | 46 | 92 | 185 |
| 1 Mbps | 43.2 | 23 | 46 | 92 |
| 2 Mbps | 86.4 | 11 | 23 | 46 |
| 4 Mbps | 172.8 | 5 | 11 | 23 |
| 8 Mbps | 345.6 | 2 | 5 | 11 |

Tí kámẹ́rà yín bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ pín iye ọjọ́ sí méjì. Ti bàbá Olúyọ̀lé wà lórí 512 Kbps, ìyẹn bíi 0.5 Mbps, ó sún mọ́ ìlà àkọ́kọ́. Ti màmá Gbági wà lórí ìlà kẹrin.

2MP, 4MP, 8MP

MP ni megapixel, ìyẹn mílíọ̀nù pixel. 2MP jẹ́ àwòrán tó ní 1920 pixel ní fífẹ̀ àti 1080 ní gíga. 4MP jẹ́ 2560 sí 1440. 8MP, tí wọ́n ń pè ní 4K, jẹ́ 3840 sí 2160, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin 2MP. Pixel ni àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán.

Ìbátan megapixel àti bitrate dà bíi ti abọ́ àti gààrì. Ẹni tó bá mú abọ́ ńlá, tó da gààrì ife kan sí i, tó wá bu omi kún un dé ẹnu, abọ́ rẹ̀ ló tóbi, ikùn rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Mo ti bá a pàdé níbi púpọ̀: wọ́n ra kámẹ́rà 8MP, wọ́n rí i pé díìsìkì ń tètè kún, wọ́n fà á wálẹ̀ sí 2 Mbps. Tí gbogbo nǹkan bá dúró jẹ́ẹ́, àwòrán yẹn yóò wuni. Tí ẹnì kan bá ti sáré kọjá, yóò fọ́ sí ìgun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, àárín àwọn ìgun yẹn gan-an sì ni ojú tí ẹ ń wá wà. Tí ẹ bá fi 8MP lórí 2 Mbps àti 4MP lórí 4 Mbps síwájú mi, 4MP ni n óò mú láìro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Fún kámẹ́rà tó ń kọ ní H.265 (ọ̀nà kíká fídíò pọ̀ tí mo máa ṣàlàyé níwájú), ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni 2 Mbps fún 2MP, 4 Mbps fún 4MP, àti 6 sí 8 Mbps fún 8MP. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ níbi tí ojú kò ti ṣe pàtàkì, bí ẹ̀yìnkùlé tàbí ọ̀nà àárín pẹpẹ ọjà.

Lẹ́ńsì àti ibi tí a gbé e kọ́: ojú tó hàn láìfi GB kan kún un

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí níbí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò.

Ìlànà àgbáyé kan wà fún iṣẹ́ kámẹ́rà ààbò, IEC 62676-4. Ẹ̀dà rẹ̀ ti 2014 wo iye pixel tó bọ́ sórí mítà kan ní ibi tí ènìyàn dúró sí. Tí pixel 25 bá wà nínú mítà kan, ẹ ó mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 125, ẹ ó lè sọ bóyá ẹni tí ẹ mọ̀ ni. Tó bá tó 250, ẹ ó lè dá ẹni tí ẹ kò rí rí mọ̀ yàtọ̀.

Ẹ wá wo kámẹ́rà bàbá. Lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ 2.8 mm, irú èyí tó ń rí nǹkan bí ìwọ̀n 100, tí àwọn èèyàn fẹ́ràn nítorí pé ó ń kó gbogbo ọgbà pọ̀ sójú kan. Láti ara ògiri ilé sí ìdí ọkọ̀ tó nǹkan bí mítà 15. Ní ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, fífẹ̀ ohun tí lẹ́ńsì yẹn ń rí ju mítà 35 lọ. DVR tún wà lórí 1080N, sẹ́tìn kan tó ń gé fífẹ̀ àwòrán 2MP kù sí 960 pixel. Pín 960 sí mítà 35, ó ku bíi 27 nínú mítà kan. Kámẹ́rà náà ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe: ó ní ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá ti fẹ́ lọ ra 8MP. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣírò ó ná. 3840 tí a pín sí mítà tó lé díẹ̀ ní 35 jẹ́ nǹkan bí 107. Kò tíì dé 125. Wọn ì bá ra kámẹ́rà olówó ńlá, díìsìkì ì bá máa kún wìtìwìtì, ọmọ tó ń fọ mọ́tò ì bá sì tún wà nínú ewu.

Ohun tí a ṣe ni pé a ra kámẹ́rà 2MP kan tó ní lẹ́ńsì 6 mm, tó ń rí nǹkan bí ìwọ̀n 50 péré, a kàn án mọ́ òpó tó wà ní mítà mẹ́fà sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Fífẹ̀ ohun tó ń rí níbẹ̀ kò tó mítà mẹ́fà. A mú un kúrò lórí 1080N. 1920 tí a pín sí fífẹ̀ yẹn ju 300 lọ nínú mítà kan. Ẹni tó bá dé ìdí ọkọ̀ báyìí, ẹ ó rí ilà ojú rẹ̀. Bitrate 2MP náà ni. Kámẹ́rà àtijọ́ kò kúrò, òun ló ń wo gbogbo ọgbà, a kàn fi 1 Mbps fún un.

Nípa gíga: kámẹ́rà tí ẹ gbé sókè fíofío lábẹ́ òrùlé, orí fìlà ló máa ń yà. Èyí tí ẹ fẹ́ fi rí ojú, ẹ má jẹ́ kó ga jù, ẹ dojú rẹ̀ kọ ibi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà wọlé, kí ẹ sì rí i pé oòrùn kò sí lẹ́yìn ẹni tó ń bọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òjìji dúdú ni yóò máa wọlé sí yín.

Kí ẹ tó gbà láti yọ 1080N, ẹ bi oníṣẹ́ yín bóyá DVR náà lè kọ 2MP kíkún lórí gbogbo ojú rẹ̀, ìyẹn ihò tí wáyà kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń wọ̀. Àwọn kan wà tí 1080N ni òpin agbára wọn.

H.264 tàbí H.265

H.264 jáde ní 2003, H.265 jáde ní 2013. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń ká fídíò pọ̀ kó lè gba àyè díẹ̀. Èròńgbà H.265 ni pé kó fúnni ní irú àwòrán kan náà pẹ̀lú bí ìdajì bitrate. Tí DVR àti kámẹ́rà yín bá mọ H.265, ẹ mú un. Ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọjọ́ yín di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ẹ ra nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Tí ẹ bá kàn yí i sí H.265 tí ẹ kò fa bitrate wálẹ̀, ọjọ́ kan kò ní lé. Àwòrán ni yóò dára sí i, díìsìkì yóò sì máa kún bó ṣe ń kún. Mo ti rí àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n yí èkíní, tí wọ́n gbàgbé èkejì, tí oníbàárà wá ní irọ́ ni H.265.

Èyí tí wọ́n fi àmì àròpọ̀ sí lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, H.265+, tún ń dín dátà kù níbi tí kò ti sí ìrìn. Ní kọ́rídọ̀ ilé ìtura lóru, ó wúlò gan-an. Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Gbági, tí èrò kò dáwọ́ dúró láti àárọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó máa dín kù. Ohun kan tún wà: kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè má lè ṣí fídíò H.265. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀dà lọ fún ọlọ́pàá, ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó jáde nílé.

Fíréèmù mélòó?

Fíréèmù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé ara wọn di fídíò. 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn DVR tí a ń tà níhìn-ín sábà máa ń bá wá. 15 tó fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù, 10 tó fún ọgbà. Ibi tí mo ti máa ń fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń ka owó, nítorí ọwọ́ yára níbẹ̀. Dídín fíréèmù kù nìkan kì í fi ọjọ́ kún un tí bitrate bá wà níbi tó wà. Ohun tó ń ṣe ni pé fíréèmù kọ̀ọ̀kan ń rí oúnjẹ jẹ sí i, àwòrán á sì mọ́.

Kíkọ ní gbogbo ìgbà àti kíkọ nígbà motion

Kíkọ ní gbogbo ìgbà kò ní fo ohunkóhun, àmọ́ ó ń fi díìsìkì kọ ilẹ̀kùn títì fún wákàtí 12. Motion ń kọ nígbà tí nǹkan bá mì nìkan, ó lè fún yín ní ọjọ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta níbi tó dákẹ́. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè pẹ́ kó tó jí, kí ẹ rí ẹ̀yìn olè dípò ojú rẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n tan pre-record, tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá tó ṣáájú kún un.

Níta, adìyẹ, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òjò, ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀, gbogbo wọn ni motion lásán ń kà sí ènìyàn. Oníbàárà mi kan ní Bódìjà pè mí pé díìsìkì tó ń fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò fún un ní ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Mo wo sẹ́tìn, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo ní kó jẹ́ kí n padà wá ní aago mẹ́jọ alẹ́. Nígbà tí iná infrared, èyí tí kámẹ́rà fi ń ríran lóru, tàn ni mo rí i: aláǹtakùn ti ta òwú dí iwájú lẹ́ńsì, òwú náà funfun lójú àwòrán bí okùn ìfàmi, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti fẹ́ ẹ báyìí, motion ti gbéra. Láti alẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń kọ òwú aláǹtakùn. Mo fi àkísà nù ún, ọ̀rọ̀ parí. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé kí wọ́n nu kámẹ́rà ìta lóṣooṣù.

Tí agbára yín bá ká a, ẹ ra èyí tó lè mọ ènìyàn àti ọkọ̀ yàtọ̀ sí ewé àti ẹran. Níta, owó tí ẹ bá fi kún un fún èyí wúlò ju owó tí ẹ bá fi kún megapixel lọ. Àwọn DVR kan sì wà tó gbà kí ẹ fi bitrate kékeré sí ìgbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́, kí ẹ fi ńlá sí ìgbà tí ènìyàn bá wọlé. Tí tiyín bá ní in, òun ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ òru kò tán síbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, àwòrán máa ń ní ẹ̀gún, àwọn ẹyọ kéékèèké tó ń ta pàtìpàtì, kámẹ́rà á sì rò pé ìrìn ni. Tí bitrate bá wà lórí VBR, tó ń lọ sókè sódò, òru ni yóò jẹun jù. VBR ni èmi fẹ́ràn síbẹ̀, nítorí pé ó ń dín oúnjẹ kù níbi tó dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi òpin sí i. Iye òpin yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò tábìlì òkè yẹn, kí ẹ lè mọ iye ọjọ́ tó kéré jù tí ẹ ó rí. Gílóòbù kan tó ń tàn dáadáa ní iwájú ilé náà máa ń dín ẹ̀gún òru kù.

Iná àti díìsìkì fúnra rẹ̀

Níhìn-ín, kàlẹ́ńdà DVR lè tan yín. Tí iná bá ń lọ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ tí kò sì sí ohun tó gbé DVR dúró, díìsìkì yóò pẹ́ kó tó kún, ẹ ó sì máa rò pé ọjọ́ yín pọ̀. Òkùnkùn yẹn gan-an sì ni olè ń dúró dè. DVR àti kámẹ́rà ilé tó kéré sábà máa ń lo 12V, wọn kì í jẹ iná púpọ̀, inverter kékeré lè gbé wọn di òwúrọ̀. Ẹ ra òun kí ẹ tó ra díìsìkì ńlá. Iná tó ń já lójijì nígbà tí díìsìkì ń kọ̀wé lọ́wọ́ tún máa ń ba díìsìkì jẹ́.

Díìsìkì tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà, bíi WD Purple tàbí Seagate SkyHawk, ni wọ́n ṣe láti máa kọ tọ̀sán tòru. Ti kọ̀ǹpútà lásán kò rí bẹ́ẹ̀. Díìsìkì tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà lọ́jà, ó dínwó, mo sì mọ ìdí tí èèyàn fi ń rà á. Tí ẹ bá ní láti rà á, ẹ ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé S.M.A.R.T. lórí DVR kí ẹ rí i bóyá ara rẹ̀ ṣì le. Kí ẹ tó ra 4TB tàbí 8TB, ẹ wo ìwé DVR yín bóyá ó lè gbé e.

Fún kámẹ́rà Wi-Fi tó ń lo káàdì, 128 GB lórí 2 Mbps kò tó ọjọ́ mẹ́fà tó bá ń kọ ní gbogbo ìgbà. Motion ni kí ẹ fi sí, kí ẹ sì rántí pé ẹni tó bá já kámẹ́rà lọ ti gbé ẹ̀rí náà dání. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa rọ́ gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi í ta ni yóò ra dátà: 2 Mbps kan ṣoṣo jẹ́ 648 GB ní ọjọ́ 30. Ẹ jẹ́ kó máa fi kìkì ìgbà tí ènìyàn bá wọlé ránṣẹ́.

Ta ni yóò mú èwo?

Ṣọ́ọ̀bù tó ń ka owó àti ọjà lálaalẹ́, bíi ti àwọn tó ń ta oògùn tàbí ohun èlò inú ilé: ọjọ́ 10 sí 14 tó. Ẹ kó ojú sórí ibi owó àti ẹnu ọ̀nà, 4 Mbps lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń ka ọjà lóṣooṣù, bíi màmá Gbági, kò gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tó dín ní 35. A fi 4 Mbps sí ẹnu ọ̀nà, 3 Mbps sí ibi owó, 1.5 Mbps sí kámẹ́rà méjì tó ń wo pẹpẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 Mbps, 108 GB lójúmọ́. Mo ti fẹ́ ní kí wọ́n ra 4TB, tí yóò fún wọn ní ọjọ́ 37. Màmá wá bi mí pé, "Àbí ó ń kọ nígbà tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù?" Ìbéèrè yẹn fi owó pamọ́ fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù ń ṣí fún wákàtí 10. Tó bá ń kọ ní gbogbo ìgbà fún wákàtí 10 yẹn, tó sì wà lórí motion lóru nínú ṣọ́ọ̀bù títì níbi tí kò ti sí ewé tàbí adìyẹ, 45 GB ló ń jẹ lójúmọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba kékeré lóru. 2TB pín sí 45 jẹ́ ọjọ́ 44. 2TB la rà.

Ilé tí èèyàn ń gbé: ọjọ́ 14, nítorí àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ ó mọ̀ tí nǹkan bá sọnù. Ti bàbá Olúyọ̀lé jẹ́ 2 Mbps sí ìdí ọkọ̀ àti 1 Mbps sí mẹ́rin yòókù, 6 Mbps lápapọ̀, 64.8 GB lójúmọ́. Díìsìkì 1TB tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ 15. Kámẹ́rà wọn ti di márùn-ún, DVR wọn jẹ́ olójú mẹ́jọ, a kò ra ju kámẹ́rà kan lọ. Tí ẹ bá máa ń lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì tí ilé á sì wà ní títì, ẹ fi ọjọ́ kún un kí ẹ tó lọ.

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọ́lé sí Ìbàdàn: ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ń rí lórí fóònù sábà máa ń jẹ́ sub stream, àwòrán kékeré tí DVR ń fi ránṣẹ́ kí dátà má bàa tán. Bí ó bá rí bàìbàì lórí fóònù, kò túmọ̀ sí pé ohun tó wà lórí díìsìkì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀ ní kí wọ́n gbé bitrate sókè. Ẹ ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan tó wá láti orí díìsìkì ránṣẹ́ sí yín, òun ni kí ẹ fi dájọ́.

Fún àwọn oníṣòwò, ọjọ́ tó pọ̀ jù kì í ṣe ohun ìyangàn. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ tọ́jú dátà àwọn èèyàn pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àwòrán oníbàárà sì wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá sì dé ilé ẹjọ́, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló ń ṣàkóso ẹ̀rí tó ti inú ẹ̀rọ wá. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì lọ́jọ́ tí ẹ bá ti rí i, kí DVR tó kọ tuntun lé e, kí ẹ sì rí i pé aago orí DVR tọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá parí, ẹ má sanwó tó kù lọ́sàn-án. Ẹ ní kó padà wá lálẹ́. Kí ẹnì kan nínú ilé rìn kọjá níbi tí olè lè gbà, kó rìn bí ẹni tó ń kánjú, kó dé fìlà. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìrìn yẹn láti orí díìsìkì, ẹ fi han aládùúgbò kan tí kò sí níbẹ̀, ẹ bi í ta nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà kí ẹ wo ọjọ́ tó pẹ́ jù. Tó bá dín sí iye tí ẹ ṣírò, kámẹ́rà tó wà níta ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò, kí ẹ mú àkísà dání.